Igbe Tí Clem Raw Kò Gbọ́

Ẹni ọdún mọ́kànléláàdọ́rin ni Clem Raw.

Òkúta ló fọ́ jẹun, ọdún mẹ́rìndínlógójì, ní ibi ìfọ́kúta tó wà lókè Skelbeck, abúlé wa. Ẹ̀tù tí wọ́n fi ń la àpáta ló gba etí rẹ̀. Ti òsì ti kú. Ti ọ̀tún ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bí o bá kọjú sí i tí o sì la ẹnu dáadáa. Ohùn ẹyẹ, òjò lórí òrùlé, kò gbọ́ wọn mọ́. Kì í ráhùn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn kò bímọ. Ó ní kò sí ẹni tó tún fẹ́ bá òun sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Fẹ́rẹ́ẹ̀tì ló ń sìn. Ẹran gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, eyín rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. A máa ń jù ú sínú ihò ehoro, kí ehoro sá jáde bọ́ sínú àwọ̀n. Funfun ni púpọ̀ nínú wọn. Ti Clem dúdú, ojú wọn dà bí ojú ẹni tó fi aṣọ dúdú bojú, nítorí ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ́ẹ̀tì igbó wà lára wọn.

Bí ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe débẹ̀ nìyí. Ní ọdún 1955, Clem àti Norris Kearton ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun alùpùpù Norris lọ sí Wales. Àgbẹ̀ kan níbẹ̀ ti fi pàkúté mú akọ fẹ́rẹ́ẹ̀tì igbó kan láàyè. Norris ló kọ́kọ́ dì í mú. Ẹran náà bù ú jẹ ní àtàǹpàkò, eyín òkè pàdé ti ìsàlẹ̀. Norris bú u, ó bú ìyá rẹ̀, ó bú Wales, ṣùgbọ́n kò jù ú sílẹ̀. Inú ẹ̀wù rẹ̀ ló gbé e sí títí wọ́n fi délé, nínú òjò. Clem ní abo tó dára. Wọ́n gbé akọ yẹn sí i. Láti ìgbà náà, ìran ẹran kan ṣoṣo ni Clem ń sìn, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Gbogbo àfonífojì wa ló mọ̀ wọ́n. Ẹran Raw ni à ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá wọ ihò, wọ́n á jáde. O kò ní fi ọ̀sán gbẹ́ ilẹ̀ tọ ẹran tó yó tó sì sùn sábẹ́ ilẹ̀.

Òun àti Norris ni wọ́n jọ ń dọdẹ. Clem á wà lápá kan ògiri òkúta, Norris á wà lápá kejì. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀, torí ehoro tó bá gbọ́ ohùn ènìyàn kò ní jáde. Norris á tẹ́tí sílẹ̀. Bí ehoro bá ń sáré lábẹ́ ilẹ̀, ó máa ń dún bí ìgbà tí ẹnìkan ń lu àpò àgbàdo. Norris á gbé ọwọ́ sókè lórí ògiri, á fi ìka han Clem ihò tó máa gbà jáde, Clem á sì fi ara balẹ̀ lórí àwọ̀n. Àwọn ará abúlé máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkùnrin kan ni wọ́n, pé ara wà lọ́dọ̀ Clem, etí wà lọ́dọ̀ Norris.

Ní oṣù kìíní ọdún 1988, akọ tí Clem ní kú. Ó di abo kan ṣoṣo, Nettle, ọlọ́dún mẹ́fà. Abo ọlọ́dún mẹ́fà kò ní ju ìgbà kan lọ mọ́ láti bímọ, bí ó bá tiẹ̀ rí i bí. Clem kò bẹ̀rù. Akọ kan wà lọ́dọ̀ Norris, Soot, ọmọ ìyá èyí tó kú. Òun fúnra rẹ̀ ló fi Soot fún Norris ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lé e, bí a ti ń ṣe. Ẹni tó gba akọ lọ́wọ́ rẹ yóò jẹ́ kí ó gun abo rẹ nígbàkigbà tó o bá gbé e wá. Bí akọ náà bá bímọ níbòmíràn, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ yan ọ̀kan nínú àwọn ọmọ. A kì í kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní àárín oṣù kẹrin ara Nettle gbóná, ó ń wá akọ. Abo fẹ́rẹ́ẹ̀tì tí ara rẹ̀ bá gbóná tí kò rí akọ, ara náà kò ní rọlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú. Clem gbé e sínú agbọ̀n, ó dé e, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé Norris.

Norris rí agbọ̀n. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"O ti gbé ìyàwó wá?"

"Mo gbé e wá. Kí ọkọ múra."

"Ọkọ ti múra láti ọjọ́ Ajé. Kò jẹun, kò sùn. Bí ìwọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ."

"Mo jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ lo jẹ tèmi mọ́ tìrẹ."

Norris ló gba Nettle, Norris ló gbé e sínú àgò Soot. Clem kò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, o kì í ki ọwọ́ bọ àgò ẹlòmíràn. Òórùn ọwọ́ rẹ á da ẹran rẹ̀ láàmú, ó sì dà bí ẹni pé o fẹ́ wo ohun tó ń fi pamọ́. Clem le lórí òfin yìí ju gbogbo wa lọ. Ó ti lé àlejò kan kúrò lágbàlá rẹ̀ rí nítorí ìka méjì.

Soot fi eyín gbá Nettle lọ́rùn mú, ó fà á kiri. Nettle pariwo débi pé Clem pàápàá gbọ́ díẹ̀. Ó pẹ́, bí wọ́n ti máa ń pẹ́. Winnie ìyàwó Norris gbé tíì jáde fún wọn. Nígbà tí ara Nettle rọlẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan sí i, Clem sàmì sí kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ méjìlélógójì ni oyún fẹ́rẹ́ẹ̀tì.

Ó ń bọ́ ọ. Ẹyin, wàrà, ẹ̀dọ̀ ehoro. Ikùn Nettle wú. Ọmú rẹ̀ yọ. Ó ń fa irun ara rẹ̀ tu, ó ń fi tẹ́ ibùsùn. Ní ìrọ̀lẹ́, Clem a máa tú u sílẹ̀ ní kíṣìnì kó nasẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, kò fẹ́ jáde mọ́. Bí Clem bá sún mọ́ àpótí tó ń sùn sí, á ṣí eyín sí i.

Abo tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, o kò gbọdọ̀ ṣí ibùsùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí o bá yọ ọ́ lẹ́nu, yóò jẹ àwọn ọmọ náà. Etí ni ẹni tó ń sìn ín fi ń mọ̀ bóyá ó ti bí, torí àwọn ọmọ máa ń ké fínfín bí ẹyẹ tuntun. Clem kò ní etí yẹn.

Ó pe Norris ní ọjọ́ kẹtàlélógójì.

Norris kúnlẹ̀ nínú koríko. Ó ṣí fìlà, ó gbé etí lé pákó àpótí náà, ó di ojú.

"Kí lo gbọ́?"

"Dákẹ́ ná, àgbàlagbà yìí."

Clem sún mọ́ ọn. Ó ń wo ẹnu Norris.

"Wọ́n ń ké," ni Norris wí.

"Fi dá mi lójú."

"Mo ní wọ́n ń ké. Mẹ́fà. Ó lè jẹ́ méje."

Clem kò mọ ohun tó máa ṣe. Ó di ọwọ́ Norris mú, ó mì í bíi pé Norris ló bímọ.

"Tú mi sílẹ̀, o máa dá mi lápá," ni Norris wí. "Má ṣí i o. Má gbójú lé e pé o gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ìwọ ló máa kọ́ mi?"

"Èmi ni. O ti di arúgbó."

Norris tún wá ní ẹ̀ẹ̀mejì sí i ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó gbé etí lé pákó ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Ó ní wọ́n ń ké kíkan, ó ní ọ̀kan nínú wọn láriwo bí Winnie. Clem lọ sọ fún gbogbo wa ní ilé ọtí. Ẹni tó kì í ra ọtí fún ènìyàn ra ọtí fún wa. Norris jókòó níbẹ̀, ó mu tirẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ńlá kan ká pákó orí àgò ní ọ̀sẹ̀ kejì. Òjò ń bọ̀. Clem mú òòlù, ó kàn án. Ìṣó mẹ́rin péré. Ó rò pé òun rọra kàn án.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fi wàrà pa á, ó ṣí àpótí náà.

Nettle ká ara rẹ̀ mọ́ ibùsùn. Ohun tó ká ara mọ́ ni ìbọ̀sẹ̀ Clem kan tó ti ń wá láti oṣù tó kọjá, ọ̀dùnkún kéékèèké mẹ́ta, àti ìka ìbọ̀wọ́ awọ kan. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ti lá wọn títí wọ́n fi ń dán. Kò sí ọmọ kankan. Kò sí egungun, kò sí irun ọmọ.

Clem dúró níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn: òòlù. Ó kan ìṣó mẹ́rin lókè orí abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, abo náà sì jẹ ọmọ rẹ̀ tán. Àwa tó ń sìn ín la máa ń ronú báyìí. Ẹlòmíràn á bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọmọ tiẹ̀ wà níbẹ̀.

Kò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ó lọ sọ fún Norris, fìlà lọ́wọ́, bí ẹni tó lọ sí ilé òkú.

"Èmi ni mo fà á," ni Clem wí. "Mo kan ìṣó."

Norris wo ilẹ̀.

"Ìṣó náà ni," ni ó wí. "Má bínú sí ara rẹ. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni."

Ó bu ọwọ́ lé Clem léjìká. Clem dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ara Nettle tún gbóná. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún abo tí kò ní ọmọ tó ń mu ọmú. Clem rò pé Ọlọ́run ló ṣàánú òun. Ó gbé agbọ̀n, ó yára sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ Norris kò sí lágbàlá. Soot wà nínú àgò rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé wáyà, ó ń ju imú. Ó ti gbóòórùn Nettle.

Clem jókòó lórí korobá, ó dúró de Norris. Nettle ń já agbọ̀n jẹ. Soot ń já wáyà jẹ. Clem ló bí ìyá Soot, tí a bá fẹ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé Soot jáde nínú ibùsùn nígbà tí kò tíì lajú.

Ó dìde. Ó ṣí àgò Norris. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ó gbé Soot jáde, ó yí i padà bí ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń yí akọ padà láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, tí àtàǹpàkò á sì fọwọ́ kan abẹ́ ikùn láìrò ó. Àtàǹpàkò náà dúró. Ojú àpá méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n le bí okùn tín-ínrín lábẹ́ awọ. Clem ti fọwọ́ kan irú ẹ̀ rí lára akọ àwọn ẹlòmíràn. Iṣẹ́ dókítà ẹran ni. Akọ tí wọ́n bá gé ọ̀nà àtọ̀ rẹ̀ báyìí ṣì máa ń gun abo, abo náà á sì wú, ọmú rẹ̀ á yọ, ara rẹ̀ á rọlẹ̀. Ọmọ ni kò ní sí.

Winnie jáde pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́ sá.

"Ẹ̀yin náà nìyẹn, Clem? Norris lọ sí Thornmire, kò ní pẹ́." Ó rí Soot lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí agbọ̀n. "Ṣé ara rẹ̀ tún gbóná ni? Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé e wá tètè, Soot á jẹ́ kí ara rẹ̀ rọlẹ̀."

"Ìgbà wo ni wọ́n gé e, Winnie?"

"Soot? Oṣù kẹwàá ni. Mo rò pé ẹ mọ̀?" Kò tíì rí ojú rẹ̀ dáadáa. "Tó bá jẹ́ ọmọ lẹ fẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ ọmọ wa obìnrin ní Thornmire ni kẹ́ ẹ lò. Akọ méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n jọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń wo dígí." Ìgbà náà ló wá wo ojú rẹ̀. Aṣọ ń kán omi sí i lẹ́sẹ̀. "Norris kò sọ fún yín."

"Kò sọ."

Winnie gbé aṣọ rẹ̀ wọlé láìsá a.

Nígbà tí ọkọ̀ Norris wọ àgbàlá, Clem ṣì dúró níbẹ̀, Soot lọ́wọ́. Norris sọ̀ kalẹ̀. Ó rí ilẹ̀kùn àgò tó ṣí sílẹ̀.

"O ki ọwọ́ bọ àgò mi."

"Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Norris ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó mọ̀ pé ó ti tán.

"Ó bímọ lọ́dún tó kọjá," ni Clem wí. "Kó o tó gé e."

"Márùn-ún."

"Èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ yan."

"Ìdí nìyẹn!" Norris la ẹnu dáadáa kó lè gbọ́. "Ìwọ lo máa kọ́kọ́ yan. Èyí tó dára jù lo máa mú. Wo ibí." Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè. Àpá Wales wà níbẹ̀, ó funfun. "Ta ló dì í mú? Ta ló gbé e sínú ẹ̀wù nínú òjò? Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ẹran Raw, ẹran Raw. Àwọn ọmọdé ń pè é bẹ́ẹ̀. Dókítà ẹran ń pè é bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ tó ń bọ̀, nígbà tí a bá kó wọn jáde níbi àfihàn fẹ́rẹ́ẹ̀tì, ẹran Kearton ni wọ́n máa pè é. Ti ẹnìkan ṣoṣo. Mo gé e kí ẹlòmíràn má baà rí ọmọ lára rẹ̀ mọ́."

"O lè sọ fún mi. Orúkọ lásán ni. Ǹ bá fún ọ."

"Mi ò fẹ́ kó o fún mi."

Clem gbé Soot sí apá kejì. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n ìbínú náà kò ti ibẹ̀ wá. Orúkọ kò dùn ún. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi pamọ́, ó dùn ún díẹ̀.

"O kúnlẹ̀," ni ó wí. "O ṣí fìlà. O gbé etí lé pákó."

Norris yíjú sí àgò tó ṣí sílẹ̀.

"O ka mẹ́fà fún mi."

"O ń wò mí bí ajá tó ń retí egungun. Kí ni kí n sọ?"

"Pé o kò gbọ́ nǹkan kan. Òótọ́ ni. Kò ná ọ ní nǹkan." Ohùn rẹ̀ lọ sókè, kò sì mọ̀. "O tún padà wá. Ẹ̀ẹ̀mejì. O ní ọ̀kan láriwo bí Winnie. Mo ra ọtí. Mo wá bá ọ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́ pé èmi ni mo pa wọ́n, o sì ní ìṣó ni."

Norris fọwọ́ pa ojú. Àgbàlagbà ni òun náà, ẹni ọdún mọ́kàndínláàdọ́rin.

"Mú ọ̀kan nínú àwọn akọ yẹn," ni ó wí. "Kò tíì pẹ́ jù. Jẹ́ ká lọ sí Thornmire nísinsìnyí, ká gbé e sí Nettle. Kò sẹ́ni tó gé wọn, o lè fọwọ́ kàn wọ́n fúnra rẹ. Gbogbo ọmọ tó bá bí, ẹran Raw. Mo ṣèlérí. Clem, ṣé o gbọ́?"

Clem gbọ́. Ó wo agbọ̀n. Ohun tó fẹ́ nìyẹn láti oṣù kìíní. Abo náà wà níbẹ̀, akọ wà lẹ́yìn òkè, kò tó wákàtí kan nínú ọkọ̀.

"Bó bá bímọ," ni ó wí, "ta ló máa bá mi gbọ́ igbe wọn?"

Norris fi ara ti ọkọ̀ rẹ̀.

Ó ṣẹ́ku ara Nettle tó gbóná. Kò lè padà sílé bẹ́ẹ̀, yóò kú. Clem dá Soot padà sínú àgò rẹ̀. Ó gbé Nettle jáde nínú agbọ̀n, ó fẹnu kan orí rẹ̀, kò jẹ́ kí Norris gbà á. Òun fúnra rẹ̀ gbé e sínú àgò náà, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Soot gbá a lọ́rùn mú. Ó fà á kiri. Clem mọ̀ pé kò sí ọmọ ńbẹ̀. Ó mọ̀ pé tí ó bá di oṣù kẹjọ, Nettle á tún to ọ̀dùnkún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á sì máa lá wọn. Kò sí ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jókòó lórí korobá, ó kọjú sí àgò. Norris dúró lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Winnie kò gbé tíì jáde. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, bí ìgbà tí wọ́n wà lápá méjèèjì ògiri. Norris sọ nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan, ohùn kékeré. Clem kò yíjú padà, kò sì gbọ́ ọ.

Nígbà tó parí, ó gbé abo rẹ̀, ó gòkè lọ sílé.

Àwọ̀n tí òun àti Norris jọ hun wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, ogójì. Ó pín in sí méjì. Ó di ogún sínú àpò, ó lọ gbé e kọ́ sí ẹnu géètì Norris, ó padà. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó rí i pẹ̀lú àwọ̀n lára ògiri kankan. Ó ní ehoro ti pọ̀ jù fún ẹnìkan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó se ẹyin kan, ó bó o, ó fún Nettle. Òun jẹ búrẹ́dì àná, ọ̀rá màlúù tó ti dì, àti àlùbọ́sà tútù kan.